Láti Ìlélẹ́nu-iṣẹ́ sí Ìfẹ̀yìntì: Ìtàn Bí Sójà Ṣe Ń Wá Àtúnṣe sí Ìwé Rẹ̀

Sójà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ìwé kan ni wọ́n máa ń fún un. Ìwé náà lè má ju ojú ewé kan lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí yóò bá a délé, tí yóò sì bá a dé sàréè: ó fẹ̀yìn tì ni, wọ́n dá a sílẹ̀ ni, tàbí wọ́n lé e. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ń gba owó ìfẹ̀yìntì títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ẹni tí wọ́n lé kì í gba kọ́bọ̀, bó ti wù kí ọdún tó lò lójú ogun pọ̀ tó. Bí àwọn sójà ṣe ń bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ń pẹjọ́, tí wọ́n sì ń dúró kí gbólóhùn kan yẹn lè yí padà ni ìtàn tí a fẹ́ sọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Okun ní Kàbà la ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ni ìwé àwọn sójà wà.

Kàbà, Lọ́kọ́ja àti iṣẹ́ sójà

Àwọn Owé ní Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni à ń pè ní ará Okun. Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìhà Àríwá ni ìjọba amúnisìn kó wọn sí. Iṣẹ́ ológun ti òde òní kò jìnnà sí wọn rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1897, ọmọ-ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ George Goldie, gbéra ní Lọ́kọ́ja, wọ́n forí lé Kàbà láti lọ bá ọmọ-ogun Núpé tó pàgọ́ síbẹ̀. Àwọn Núpé ti sá lọ kí wọ́n tó dé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọjá lọ ja Bídà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, Lọ́kọ́ja yìí kan náà ni Frederick Lugard, tó ti kó West African Frontier Force jọ, ti ta àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà.

Nígbà òmìnira, wọ́n pín àyè ìgbanisíṣẹ́ sójà: ìdajì fún Àríwá, ìdajì yòókù fún Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Abẹ́ Àríwá ni ọmọ Okun ti ń wọlé. Nínú wọn ni David Jemibewon ti jáde, ọmọ Ìjùmú tó di gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1975, tó ṣe ti Ọ̀yọ́ nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà ní 1976, tó sì padà di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ní 1999. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo wọn ló di ọ̀gágun. Àìmọye ló parí iṣẹ́ ní kọ́púrà tàbí sájẹ́ǹtì, tó padà wálé wá dáko iṣu àti kòkó, tí ìwé rẹ̀ sì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́kọ́ja, tó jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí láti ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1991, ni Ẹgbẹ́ Ọmọ-ogun Orí-ilẹ̀ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn sójà sí. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà sójà, ọjọ́ tó wọṣẹ́, ìyà tó jẹ àti bó ṣe kúrò wà. Sójà tó bá fẹ́ kí wọ́n tún ìwé òun wò, bó ti wù kí ilé rẹ̀ jìnnà tó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dé Lọ́kọ́ja.

Bárékè ńlá kan ní ìlú náà ń jẹ́ Chari Maigumeri. Ọmọ Borno ni Maigumeri. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Jámánì ló jà fún ní Kamẹrúùnù, Jámánì sì fi àmì-ẹ̀yẹ Iron Cross dá a lọ́lá. Gẹ̀ẹ́sì mú un lójú ogun. Nígbà tó yá, ó wọṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ó bá wọn jagun, wọ́n fún un ní Military Medal, ó sì di RSM, ipò tó ga jù lọ tí ọmọ-ogun tí kì í ṣe ọ̀gágun lè dé. Ẹni tó ti yìnbọn sí Gẹ̀ẹ́sì rí ló fẹ̀yìn tì tiyì-tiyì, tí wọ́n tún fi orúkọ rẹ̀ pe bárékè. Ó yẹ ká fi í sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ sójà tó wà ní apá kejì nínú ogun abẹ́lé wa kò rí irú ojúrere bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ogun Hitler

Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára Dìfísọ̀n 81 àti 82 tó lọ jagun ní Burma. Nígbà tí ogun parí ní 1945, wọ́n tú wọn ká, kálukú gba ìwé tirẹ̀. Nínú ìwé sójà Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá ní láti kọ irú ìwà tí sójà hù, láti orí àwòkọ́ṣe, dé orí ó dára gan-an, ó dára, ó mọ níwọ̀n, títí dé orí ó burú. Ọ̀rọ̀ kan péré yìí ni ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wò. Bí ọ̀gá bá ti bínú kọ ọ́, tó sì ti wọkọ̀ ojú omi padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ni sójà Ìyàgbà tàbí Bùnú fẹ́ lọ bá pé kó tún un kọ?

Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Áfríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́wọ̀n Jámánì béèrè owó wọn ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar. Àwọn ọ̀gá Faransé pàṣẹ pé kí a yìnbọn lù wọ́n. Wọ́n tún kó 34 nínú àwọn tó yè lọ sí ilé-ẹjọ́ ológun, wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n. Ààrẹ Vincent Auriol dárí jì wọ́n ní 1947, ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í ṣe ìdáláre: orúkọ ọlọ̀tẹ̀ ṣì wà lára wọn. Ọdún 2024 ni Faransé tó kéde pé mẹ́fà nínú àwọn tó kú níbẹ̀ kú fún ilẹ̀ Faransé, tí Ààrẹ Emmanuel Macron sì jẹ́wọ́ pé ìpakúpa ni. Ó gba 80 ọdún.

Biafra: ọgbọ̀n ọdún lórí gbólóhùn kan

Ní Nàìjíríà, ogun abẹ́lé ló bí ẹjọ́ tó tóbi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, ó parí ní 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun nígbà náà, kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n lórí ìwé àwọn sójà, a rí ẹni tí a ṣẹ́gun. Nínú àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Nàìjíríà kí wọ́n tó lọ jà fún Biafra, ìhà Ìlà-Oòrùn tó yapa, wọ́n gba àwọn kan padà, wọ́n ní kí àwọn kan fẹ̀yìn tì, wọ́n sì lé àwọn yòókù. Kì í ṣe Ìgbò nìkan ló wà nínú rẹ̀. Adewale Ademoyega àti Fola Oyewole, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, tí ogun bá ní ìhà Ìlà-Oòrùn, wà ní àtìmọ́lé títí di 1974, àwọn méjèèjì sì kọ ìwé nípa ohun tí ojú wọn rí.

Ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ọdún kan géérégé lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde lórí afẹ́fẹ́ pé gbogbo àwọn ológun tí wọ́n lé nítorí pé wọ́n jà fún Biafra ti di ẹni tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ó yẹ kí àánú máa bá ìdájọ́ rìn. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí i: òun ló darí ọmọ-ogun tí Biafra túúbá fún ní 1970, òun náà ni ìjọba Sani Abacha jù sẹ́wọ̀n ní 1995 lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀gbàjọba, tí Abdulsalami Abubakar sì dárí jì ní 1998.

Ẹ wo ohun tí ìkéde yẹn ṣe àti ohun tí kò ṣe. Kò sọ pé àwọn sójà náà kò jẹ̀bi. Ó kàn gbé wọn kúrò ní ìlà àwọn tí a lé, ó kó wọn sí ìlà àwọn tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n lè lẹ́tọ̀ọ́ sí owó. Owó ọ̀hún kò sì sáré bọ̀. Àwọn ọlọ́pàá tí ogun náà kàn, tí ìdáríjì yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn, dúró títí di 2017 kí ìjọba Muhammadu Buhari tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tiwọn ní Enugu. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti kú kó tó pè é, àwọn ọmọ àti opó wọn ló wá tọwọ́ bọ̀wé.

Ọ̀nà àwọn èèyàn ńlá

Àwọn tó lórúkọ máa ń rí ọ̀nà tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lé Gowon fúnra rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ológun ní 1976, wọ́n gba ipò rẹ̀, wọ́n ní ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ Dimka tó pa Murtala Muhammed. Shehu Shagari dárí jì í ní 1981, Ibrahim Babangida sì dá ipò ọ̀gágun rẹ̀ padà ní 1987. Ọ̀gágun Ọládípọ̀ Diya, tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní 1998 lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀gbàjọba, gba ìdáríjì pátápátá ní oṣù Kẹta ọdún 2013, lẹ́yìn tí Goodluck Jonathan gbé orúkọ rẹ̀ síwájú Ìgbìmọ̀ Àgbà Ìjọba. Abdulkareem Adisa ará Ìlọrin àti Shehu Musa Yar'Adua, tí wọ́n fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn, gba tiwọn lẹ́yìn ikú.

Abala 175 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló fún ààrẹ lágbára ìdáríjì yìí. Òfin náà sọ pé tó bá jẹ́ ẹjọ́ ológun, ìmọ̀ràn Ìgbìmọ̀ Àgbà Ìjọba ni ààrẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Kọ́púrà láti Kàbà kì í sábà ní ẹni tí yóò bá a gbé orúkọ rẹ̀ débẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà

Amẹ́ríkà náà ti ṣe àṣìṣe tó tóbi. Ní 1906, Ààrẹ Theodore Roosevelt lé 167 sójà aláwọ̀ dúdú láìgbọ́ ẹjọ́, nítorí ìbọn tó dún ní Brownsville ní Texas. Ọdún 1972 ni iléeṣẹ́ ológun tó tún ìwé wọn ṣe. Dorsie Willis wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá tó ṣì wà láàyè. Wọ́n fún un ní 25,000 dọ́là.

Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, kò di ìgbà tí ààrẹ bá ṣàánú. Òfin 1944 tó ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó ti ogun dé dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń tún ìwé ìkúrò lẹ́nu iṣẹ́ yẹ̀ wò. Òfin 1946 fi èkejì kún un, èyí tó lè tún àkọsílẹ̀ sójà ṣe. Sójà ní ọdún 15 láti kọ̀wé sí ti àkọ́kọ́, ọdún 3 sí èkejì láti ìgbà tó bá ti rí àṣìṣe náà. Láti 2014, wọ́n ti pàṣẹ fún àwọn ìgbìmọ̀ náà kí wọ́n gba ti àárẹ̀ ọkàn tí ogun ń fà rò dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá tààrà: nínú ètò MAVNI, tí wọ́n fi gba àjèjì sínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà láti 2009 sí 2016, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá.

Ibi tí a dé lónìí

Ní Nàìjíríà, òfin Armed Forces Act, tó bẹ̀rẹ̀ bí àṣẹ ológun ní 1993, ló ń darí ọ̀rọ̀ náà. Ó fàyè gba ilé-ẹjọ́ ológun láti lé sójà, tàbí láti lé e tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. Ó tún fàyè gba sójà láti kọ̀wé ẹ̀dùn sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, àti láti gbé ẹjọ́ ilé-ẹjọ́ ológun lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Àtúnṣe ìwé òfin ti ọdún 2010 ti fún Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ lágbára kíkún lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àwọn ọ̀gágun kan nínú 38 tí wọ́n fipá fẹ̀yìn wọn tì ní oṣù Kẹfà ọdún 2016 sì jàre níbẹ̀.

Ogun Boko Haram ló kó ọ̀pọ̀ sójà kékeré sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún 54 sójà tó kọ̀ láti lọ gba Delwa ní Borno, tí wọ́n ní kò sí ohun ìjà tó tó; ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, iléeṣẹ́ ológun kéde pé àwọn ti gba 3,032 sójà tí wọ́n ti lé padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí fi hàn pé tí wọ́n bá tún ẹjọ́ wò, ẹ̀gbẹẹgbẹ̀rún ló lè rí àtúnṣe gbà. Ó tún fi hàn pé iléeṣẹ́ tó lé wọn náà ló ń jókòó ṣe àtúnyẹ̀wò nígbà tó bá wù ú.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹnu aláṣẹ ni àtúnṣe ti sábà ń wá ní Nàìjíríà: Shagari, Babangida, Abdulsalami, Ọbásanjọ́, Jonathan. Àánú dára, ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́, kò sì ní adírẹ́ẹ̀sì. Ohun tó yẹ kí àwọn aṣòfin ṣe ni kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí kì í ṣe abẹ́ ọ̀gágun kankan ló wà, tí sójà èyíkéyìí lè kọ̀wé sí, tí yóò sì dáhùn láàárín àkókò tí òfin dá. Lọ́kọ́ja, níbi tí àkọsílẹ̀ wà, ni ó yẹ kí ó wà.

Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ tọ́jú ìwé yín, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ yín síbi tí ọmọ yín yóò ti rí i. Ẹ tètè kọ̀wé ẹ̀dùn yín, ẹ sì wá lọ́yà kí oṣù mẹ́ta tó pé, nítorí òfin tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà, tí wọ́n máa ń fi sọ fún adájọ́ pé ẹjọ́ tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ ti pẹ́ jù.