Ẹ̀kọ́ tí Ara Ń Kọ́ Lọ́dọ̀ Ibà

"Ibà lásán ni." Gbólóhùn yìí kò wọ́n lẹ́nu àwa àgbà. Ní Bàrúwà tí mò ń gbé, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, bí òjò bá ti rọ̀ tí omi sì dúró sínú kòtò ojú títì, ẹ̀fọn a gbòde. Àgbà tí ibà bá mú a lo oògùn, a sì tún gba ibi iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ibà kan náà ni ó ń pa ọmọdé. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí?

Ní ọdún 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Nígbà tí ó di 1911, ó fi ìṣirò hàn pé bí ẹ̀fọn bá dín kù dé ìwọ̀n kan, ibà yóò kásẹ̀ nílẹ̀, bí ẹ̀fọn kò tilẹ̀ tán. Ìṣirò náà dára, ṣùgbọ́n ọgbọọgba ni àgbà àti ọmọdé nínú rẹ̀. Kò ka ẹ̀kọ́ tí ara ń kọ́ sí.

Orílẹ̀-èdè wa ni a ti wá àtúnṣe sí i. Láti 1969 sí 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé Garki, ní ìpínlẹ̀ Kánò ìgbà náà, tí ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Jìgáwá ní 1991. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ tọmọdé tàgbà wò, wọ́n sì ń ka ẹ̀fọn. Ní 1974, Klaus Dietz, Louis Molineaux àti A. Thomas gbé àwòṣe kan jáde, tí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ń bá wọn ṣírò. Ipò méje ni wọ́n pín ará ìlú sí: mẹ́rin fún ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì mọ ibà, mẹ́ta fún ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ipò àìmọ̀ ni a bí gbogbo ọmọ sí. Ẹni tí kòkòrò bá pẹ́ lára rẹ̀ nìkan ni ó lè kọjá sí apá kejì, níbi tí ara ti ń tètè borí rẹ̀.

Àwọn olùwádìí fín oògùn sínú ilé. Agbára ẹ̀fọn láti tan ibà ká dín kù tó 90 nínú 100, síbẹ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni iye àwọn tí kòkòrò wà lẹ́jẹ̀ wọn fi dín.

Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá èyí mu: àjẹsára. Ohun tí a jẹ sí ara ni ààbò, kì í ṣe ogún ìdílé nìkan. Àìsàn ìgbà èwe ni àgbà fi ra tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò la á já kò sí níbí láti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá sì pẹ́ ní òkè òkun lè pàdánù rẹ̀.

Ní ìparí 2024, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà fún ọmọdé ní Kebbi àti Bayelsa. Abẹ́rẹ́ náà ń kọ́ ara ní díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yẹn láìjẹ́ pé ọmọ kọ́kọ́ fi ẹ̀mí wewu. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ ẹnu wa. Bí ara ọmọ bá gbóná, kí á má ṣe fi ara tiwa wọn tirẹ̀.