Ta Ló Jókòó Sídìí Ẹ̀rọ?

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míìn. Ohun tí a kà sí làákàyè lónìí lè di ohun ìtìjú tó bá di àmọ́dún. Òwe náà kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ àwo orin àtijọ́ tí wọ́n ń tún gbé jáde nígbà tó bá pé ọgbọ̀n tàbí àádọ́ta ọdún ló mú un wá sí mi lọ́kàn.

Lágbègbè wa, láti Ìjànìkin dé Òkòkòmàíkò, bí ẹnì kan bá fi àwo Fẹlá tí wọ́n tún ṣe sí i, kì í pẹ́ tí àgbàlagbà kan á fi ní, "Wọ́n ti ba orin yẹn jẹ́." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra, rímásítà àti rímíìsì, ni àwọn ènìyàn ń kó pọ̀ sójú kan. Bí wọ́n bá ń gba orin sílẹ̀ ní situdíò, ìlù ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lórí téèpù, gìtá ní tirẹ̀, fèrè ní tirẹ̀, ohùn akọrin náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹnì kan á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á pinnu èyí tó máa ròkè àti èyí tó máa lọ sílẹ̀, á wá po gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ọ̀nà méjì péré, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún etí òsì. Ẹni tó ń ṣe rímásítà, ọbẹ̀ tó ti jinná, ìyẹn ọ̀nà méjì náà, ló ń gbé kaná. Ẹni tó ń ṣe rímíìsì padà sídìí ata àti ẹja kí wọ́n tó wọ ìkòkò, ìyẹn ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lórí téèpù.

Rímásítà ni àwọn àwo Fẹlá tí ilé iṣẹ́ Knitting Factory bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2009. Ìlù Tony Allen, onílù Fẹlá, ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Kí ló dé tí àwọn àgbà fi ń gbọ́ ìyàtọ̀? Etí wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwo àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wọn tuntun. Kásẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí wọ́n dà kọ láti ara kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, irú èyí tó kún ọjà Alábà kí síìdì tó dé. Bí wọ́n ti ń dà á kọ ni ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń pòórá. Nígbà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá wá padà, wọ́n á rò pé ẹlòmíràn ló fi kún un.

Rímíìsì gan-an ni ti Army Arrangement, àwo Fẹlá mìíràn. Ní oṣù kẹsàn-án 1984, wọ́n mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà bó ṣe ń lọ ṣeré ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè kàn án, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ìjọba ológun sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Ẹ̀wọ̀n ló wà tí ilé iṣẹ́ Celluloid fi gbé téèpù àwo náà fún Bill Laswell, olùdarí orin ará Amẹ́ríkà, pé kó tún un pò. Laswell pe Sly Dunbar, onílù ará Jàmáíkà, ó pe Bernie Worrell sídìí dùùrù. Wọ́n rò pé ìyẹn ló máa mú kí àwọn ará Amẹ́ríkà jó o. Fẹlá jáde ní 1986, kò sì fi pamọ́ rárá pé òun kórìíra rẹ̀. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni wọ́n padà sí nínú àwọn àtúngbéjáde tó tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, n kò gbà pé èyí tó pẹ́ jù ló sún mọ́ olórin jù. Nígbà tí àwọn Beatles ń ṣe Sgt. Pepper ní 1967, mono, ìyẹn ọlọ́nà kan ṣoṣo, ni wọ́n jókòó tì. Ti stereo, ọlọ́nà méjì, àwọn ará situdíò ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún, wọ́n sì fi ìkánjú ṣe é. Stereo yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wá mọ̀ fún àádọ́ta ọdún. Nígbà tí Giles Martin, ọmọ ẹni tó darí iṣẹ́ náà, tún un pò ní 2017, mono ló fi ṣe atọ́nà. Tuntun ló wá sún mọ́ ìfẹ́ inú wọn ju ti àtijọ́ lọ. Òwe wa, ká má gbàgbé, kò sọ pé gbogbo ọgbọ́n ló ń di wèrè. Ọgbọ́n tí wọ́n gbọ́n lẹ́yìn olórin ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń tún àwo jùjú àti fújì tà fún wa máa kọ ọ́ sẹ́yìn páálí: ta ló pò ó, téèpù wo ló lò, ṣé olórin wà níbẹ̀.