Ìṣirò Tó Ń Dá Iye Kòkó

Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré wà lára ìlú oníkòkó tí ìjọba ń bá ṣírò owó nígbà kan rí. Ní 1947 ni wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ bọ́ọ̀dù Ìwọ̀-Oòrùn. Kí ọjà ọdún kan tó ṣí, bọ́ọ̀dù á ti wo iye tí kòkó lè pa wálé lókè òkun. Wọ́n á yọ owó ọkọ̀ òkun, owó lọ́rì, owó orí àti èrè aṣojú tó ń rà á lábúlé, wọ́n á sì yọ èyí tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́ de ọdún tí ọjà bá kú. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ti àgbẹ̀.

Ìṣirò mìíràn wà ní ìdí ìwọ̀n. Gírédà, ẹni tó ń yẹ kòkó wò, kì í tú gbogbo àpò wò. Á ki irin bọ inú àpò, á kó ẹyọ kòkó jáde, á wá fi ọ̀bẹ la ẹyọ 300 sí méjì lóòró. Á ka èyí tó bu, èyí tí kòkòrò jẹ, àti èyí tí kò rà dáadáa kí wọ́n tó sá a. Ohun tó bá rí nínú 300 yẹn ló fi ń dájọ́ gbogbo ẹrù.

Peter Bauer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kò gba ti bọ́ọ̀dù. Nínú ìwé rẹ̀, West African Trade, tó jáde ní 1954, ó ní owó ìpamọ́ náà ti di owó orí lọ́rùn àgbẹ̀. Ìwé tí mo ka sí jù ni ti Galletti, Baldwin àti Dina, tó jáde ní 1956. Agboolé àwọn Yorùbá oníkòkó ni wọ́n lọ bá ní 1951 sí 1952, wọ́n sì kọ owó kòkó, oúnjẹ, gbèsè àti owó alágbàṣe pọ̀ sójú kan, bí baálé ilé fúnra rẹ̀ ṣe ń rò ó.

Lókè òkun, àwọn onímọ̀ ìṣirò, Kantorovich ní 1939 àti Dantzig ní 1947, ti rí ọ̀nà tí a fi lè pín ilẹ̀, òṣìṣẹ́ àti owó tí kò tó fún iṣẹ́ tó máa mú èrè tó pọ̀ jù wá. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ Nàìjíríà náà lò ó fún oko.

Ṣùgbọ́n kòkó kì í so lọ́dún tí a gbìn ín. Nerlove, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ ní 1958 nípa bí àgbẹ̀ ṣe ń tẹ̀lé owó tó ń retí. Ní 1965, Bateman so ìkórè kòkó Gánà mọ́ owó ọjà ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń gbin igi náà. Ibí yìí gan-an ni ìṣirò bọ́ọ̀dù ti kù díẹ̀ káàtó, torí owó tí wọ́n dínkù lónìí, igi tí a kò gbìn ló máa sọ ọ́ lọ́la. Kòkó Nàìjíríà ju 300,000 tọ́ọ̀nù lọ ní 1970/71; nígbà tó máa fi di 1985/86, kò tó ìlàjì rẹ̀ mọ́. Owó epo rọ̀bì, igi tó ti gbó àti àìsí òṣìṣẹ́ náà dá sí i.

Ní 1986, ìjọba tú bọ́ọ̀dù kòkó ká. Oníṣòwò tó ń ra kòkó ní Ìsẹ̀ lónìí ló ń wo ọjà Lọ́ńdọ̀nù àti iye dọ́là lórí fóònù, tó ń yọ owó lọ́rì àti èrè tirẹ̀. Àgbẹ̀ náà ní fóònù lọ́wọ́, ó sì lè bi í pé èwo ló yọ.