Láti Oko Àáró Dé Ojú Kọ̀ǹpútà: Eré Nínú Iṣẹ́ Àjọṣe ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ojú ń sọ tirẹ̀, ọwọ́ ń sọ tirẹ̀, àní bí ènìyàn ṣe jókòó pàápàá ń sọ̀rọ̀. Kí wá ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ yóò ṣe nígbà tí ojú kò bá pàdé mọ́? Láti ọdún 2020 ni ìbéèrè yìí ti di ọ̀ràn ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó, nígbà tí ìpàdé iṣẹ́ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan wà ní Ìbà, ẹnì kejì wà ní Ìkẹjà, ẹnì kẹta wà ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ ló so wọ́n pọ̀. Kí wọ́n má baà di àjèjì sí ara wọn, àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré sínú ìpàdé. Wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè àwàdà. Wọ́n ń díje ta ni yóò kọ́kọ́ gbé nǹkan pupa kan wá sójú ẹ̀rọ. Ẹnì kan á sọ ohun mẹ́ta nípa ara rẹ̀, méjì á jẹ́ òótọ́, ọ̀kan á jẹ́ irọ́, àwọn yòókù á sì wá irọ́ náà rí.

Àwọn kan ń pe èyí ní àṣà òyìnbó. Òkèèrè ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fi í wá kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn baba wa mọ bí a ti ń fi eré so òṣìṣẹ́ pọ̀. Wọ́n sì ní òfin kan lórí rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ òde òní kò rántí: ẹni tó bá pe ènìyàn sí iṣẹ́ ni yóò gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Àáró àti Ọ̀wẹ̀

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni Yorùbá ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. N. A. Fadipe ṣàlàyé wọn nínú iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe fún Yunifásítì London ní 1939, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ìwé ní 1970 pẹ̀lú orúkọ The Sociology of the Yoruba.

Àáró jẹ́ ti ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà. Àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, yóò fohùn ṣọ̀kan. Lónìí, oko ẹnì kìíní ni gbogbo wọn yóò ro. Lọ́jọ́ mìíràn, oko ẹnì kejì ni. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí títí yóò fi kárí. Owó kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san gbèsè iṣẹ́. Ẹni tí a bá ro oko tirẹ̀ tán tí kò sì yọjú sí oko ẹlòmíràn ti jẹ gbèsè, ẹ̀tẹ́ ni fún un láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ẹnì kan tí iṣẹ́ ńlá wọ̀ lọ́rùn ló ń bẹ ọ̀wẹ̀: ilé ni ó fẹ́ kọ́, tàbí òrùlé ni ó fẹ́ bò, tàbí oko àna rẹ̀ ni ó fẹ́ ro. Yóò bẹ ẹbí, yóò bẹ ọ̀rẹ́, yóò bẹ aládùúgbò. Àwọn tí ó bẹ̀ kì í retí kí ó san iṣẹ́ náà padà fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti àáró, ṣùgbọ́n wọ́n ń retí oúnjẹ tó dára àti ẹmu tó tó. Bí oúnjẹ bá kéré, ìròyìn rẹ̀ á tàn kálẹ̀. Nígbà tí olúwarẹ̀ bá tún bẹ ọ̀wẹ̀ mìíràn, ẹsẹ̀ kò ní pé. Orí ṣá ń fọ́ ẹni kan, ìrìn àjò sì dé bá ẹlòmíràn.

Nínú méjèèjì ni eré wà. Wọn kì í dúró kí iṣẹ́ parí kí wọ́n tó ṣeré. Inú iṣẹ́ gan-an ni eré ń gbé. Ebè ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ àgbẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti figa gbága. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ebè tirẹ̀ dé òpin poro á dìde, á na ẹ̀yìn, á sì máa fi àwọn tó kù sẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan á dá orin, àwọn tó kù á gbè é, ọkọ́ á sì máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yẹ̀yẹ́ náà kì í di ìjà, nítorí kálukú mọ̀ pé ẹni tó ń fini ṣe ẹlẹ́yà lónìí lè di ẹlẹ́yà lọ́la. Bí iṣẹ́ ṣe ń yí kárí ni àwàdà náà ń yí kárí.

Bí Ilé Ṣe Jìnnà sí Ibi Iṣẹ́

Àwórì ni onílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Iṣẹ́ oko àti ẹja pípa ni wọ́n gbọ́kàn lé kí Èkó tó gbòòrò dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀, alábàáṣiṣẹ́ ẹni náà ni aládùúgbò ẹni. Ẹni tí a jọ fa àwọ̀n láàárọ̀ ni a jọ ń jókòó sídìí ọpọ́n ayò nírọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ẹni ni wọ́n sì jọ ń ṣeré òṣùpá lálẹ́. Kò sí ẹni tó ní láti ṣètò bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe mọ ara wọn.

Ìlú ńlá ló yí èyí padà. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì la agbègbè náà kọjá. Nígbà ìjọba Lateef Jakande, láàárín 1979 àti 1983, ilé olówó pọ́ọ́kú dé Ìbà. Ní 1983 kan náà ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀, ọgbà rẹ̀ tó tóbi jù sì wà ní Ọ̀jọ́. Ọjà Alábà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, rédíò àti fóònù náà wà níbẹ̀. Yorùbá, Ògù, Ìgbò, Haúsá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn wá ń gbé lójúlé kan náà. Òkókómáíkò di ibi tí akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ń gbé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Erékùṣù Èkó.

Ìrìn àjò náà kò rọrùn. Ní 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì, iṣẹ́ náà sì fà gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n gbèrò rẹ̀ láti Òkókómáíkò dé Màrínà kò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò títí di oṣù kẹsàn-án 2023, Mile 2 sí Màrínà nìkan ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sì dé. Ẹni tó bá jí ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀ tó sì padà délé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kò lè mọ ojú aládùúgbò rẹ̀ dáadáa. Àárẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì ní jẹ́ kí ó ráyè ṣeré pẹ̀lú ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Nítorí irú ìyà bẹ́ẹ̀ gan-an ni èrò iṣẹ́ àtilé ṣe wáyé lókè òkun. Ní 1973, Jack Nilles ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé dípò kí òṣìṣẹ́ máa wọkọ̀ lọ bá iṣẹ́, kí iṣẹ́ máa gba orí wáyà wá bá òṣìṣẹ́. Ó tó bí ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kí ọ̀rọ̀ náà tó kan àwọn ará Òkókómáíkò lójijì.

Ọdún 2020

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì 2020 ni a fìdí àrùn kòrónà àkọ́kọ́ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní agogo mọ́kànlá alẹ́ ọgbọ̀nọjọ́ oṣù kẹta, àṣẹ kónílé-ó-gbélé tí ìjọba àpapọ̀ pa bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé ṣe lórí kọ̀ǹpútà gbé e wálé. Ẹni tí tirẹ̀ kò ṣeé gbé, bíi ọlọ́jà àti awakọ̀, jókòó ti ebi.

Àwọn tó gbé iṣẹ́ wálé rí ìsinmi lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣùgbọ́n ìdánìkanwà dé. Ọ̀rọ̀ ìdí ẹ̀rọ omi, àwàdà àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ìkíni ẹnu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ibẹ̀ ni eré inú ìpàdé ti gbilẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan kò sì dá a dúró nígbà tí àṣẹ kónílé-ó-gbélé kásẹ̀ nílẹ̀.

Eré Tí Ohùn Lè Gbé

Kì í ṣe gbogbo eré ìbílẹ̀ ló lè gba orí ẹ̀rọ kọjá. Ẹ wo ẹkùn mẹ́ran. Àwọn ọmọdé á di ara wọn lọ́wọ́ mú yí ẹni tó jẹ́ ewúrẹ́ ká, ẹkùn á wà lóde, iṣẹ́ gbogbo wọn sì ni láti má ṣe jẹ́ kí ẹkùn ráyè wọlé. Kò sí eré tó kọ́ni ní ìṣọ̀kan tó o, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a dì mú ni òpó rẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè gbé ọwọ́.

Àlọ́ àpamọ̀ yàtọ̀. Ohùn, etí àti làákàyè nìkan ni ó ń béèrè. Ẹni tó ń pa á á ní, "Ààlọ́ o," àwọn yòókù á dáhùn, "Ààlọ̀." Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì: kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ti lo ohùn wọn, apálàlọ́ sì ti mọ ẹni tó wà níjòókòó àti ẹni tó ti sùn. Nígbà náà ni yóò béèrè ohun tó jẹ́ awẹ́ obì kan tí a ń jẹ dé Ọ̀yọ́, ẹni tó bá gbọ́n á sì dáhùn pé ahọ́n ni. Nínú ìpàdé tí àwọn mìíràn ti pa àwòrán wọn, kò sí ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ láti mú kí ẹni tó dákẹ́ là ohùn. Níbi tí Ìgbò, Ògù àti Yorùbá bá ti jọ wà, bí ó ti rí ní Ọ̀jọ́, kí kálukú máa mú àlọ́ ìlú tirẹ̀ wá ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́, kí ó máa yí kárí bí àáró.

Ayò náà ṣeé ta láti òkèèrè. Ilé méjìlá ló wà nínú ọpọ́n, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ó di méjìdínláàádọ́ta. Bí a bá fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ọpọ́n kan lójú ẹ̀rọ ti tó. Ẹni tó wà ní Ìbà á dárúkọ ilé tí ó fẹ́ kó, ẹni tí ọpọ́n wà níwájú rẹ̀ á sì bá a pín in. Ẹ̀kọ́ ńlá tún wà nídìí ayò fún àwọn ọ̀gá. Ẹni tó bá borí ni ọ̀ta, ẹni tí a bá nà ni ọ̀pẹ, òǹwòran sì láṣẹ láti fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ìbáà jẹ́ àgbà. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá dìde nídìí ọpọ́n ni àgbà tún padà di àgbà. Ọ̀gá tí kò bá lè gbà kí a pe òun ní ọ̀pẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó má pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí eré.

Àrokò ni ẹ̀kẹta, òun gan-an sì ni ìpàdé ọ̀nà jíjìn tí Yorùbá ti ń ṣe kí wáyà tó dé. C. A. Gollmer kọ̀wé lórí rẹ̀ ní London ní 1885. Ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà. Ẹni tó bá fi mẹ́jọ ránṣẹ́ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Kí òṣìṣẹ́ kan gbé nǹkan mélòó kan sójú ẹ̀rọ lónìí, kí àwọn yòókù tú u, eré ni, ìtàn sì ni pẹ̀lú.

Ta Ni Yóò Gbé Oúnjẹ Kalẹ̀?

Nǹkan tó kù díẹ̀ káàtó nínú eré òde òní kì í ṣe eré náà fúnra rẹ̀. Lórí Zoom, ìpàdé ọ̀fẹ́ ẹgbẹ́ kì í kọjá ogójì ìṣẹ́jú, nítorí náà àwọn mìíràn ń ti eré síwájú di àṣálẹ́ tàbí òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Òkókómáíkò, tí iná mànàmáná kò sí ládùúgbò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, á ra epo sí jẹnẹrétọ̀, á ra dátà fún fóònù, kí ó lè wá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá wá, wọn á ní kò bá ẹgbẹ́ ṣe. Bí ó bá wá tó sì pa àwòrán rẹ̀ kí dátà má baà tètè tán, wọn á ní kò fi ọkàn sí i.

Nílànà ọ̀wẹ̀, ohun ìtìjú ni èyí. Olóko kì í bẹ àwọn ènìyàn wá sóko kí ó tún ní kí wọ́n gbé iṣu tiwọn wá. Dátà àti epo ni iyán àti ẹmu ti ọ̀wẹ̀ òde òní. Ẹni tó pe ìpàdé ló yẹ kí ó sanwó rẹ̀. Inú iṣẹ́ ni eré ti ń wáyé lóko àáró. Inú àkókò iṣẹ́ náà ló yẹ kí ó wà lónìí, kí ó má jẹ ìrọ̀lẹ́ ẹni tó ní ọmọ láti bọ́. Bí àáró kò sì ti fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa darí eré títí láé nígbà tí àwọn tó kù ń pàtẹ́wọ́.

Lóòótọ́, ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dá ojú padà tán. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ro oko àáró pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà wo ojú ara wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Orin ẹni tó wà ní poro kejì ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì mọ̀ pé bí ó bá di ọ̀la, yóò wá sí oko tiwọn.