Àwọn Atẹ̀wé Ṣómólú àti Ìyípadà Ìgbà

Bí ìlù bá yí padà, ijó a yí padà. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ọwọ́ ni a fi ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn atẹ̀wé Ṣómólú kọ́kọ́ mọ̀, kí ọ́fúsẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà tó dé. Ìmọ̀ òjé títò di aláìlérè. Ẹni tí kò kọ́ òmíràn pàdánù oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀, òwò náà kò kú. Ìdí ni pé wọ́n pín iṣẹ́: ẹnìkan ń ta pépà, òmíràn ń tẹ̀wé, òmíràn ń gé e, òmíràn ń dì í. Bí ẹ̀rọ kan bá di àtijọ́, ìsọ̀ kan ni yóò yí padà. Àdúgbò yóò dúró.