Lílo Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Láti Ṣe Orin Pa Pọ̀

FOJÚ inú wo akọrin mẹ́fà tí wọ́n jókòó yí kọ̀nbọ́ọ̀dù kan ká ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń ránṣọ, òmíràn jẹ́ tíṣà, òmíràn sì ń wa bọ́ọ̀sì. Kò sí ìkankan nínú wọn tí orin jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì fẹ́ gbé orin tuntun kan kalẹ̀. Ègbè ti wà, àmọ́ ẹsẹ kò tíì jáde. Ẹni tó kéré jù lọ láàárín wọn wá yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì tó mọ̀, odindi orin ti ń dún, tìlù tìlù, tohùn tohùn. Inú àwọn kan dùn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ti ń kọ áltò tipẹ́tipẹ́ béèrè pé: “Ó dùn o. Àmọ́ kí ló ń sọ?”

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe kékeré. Lóde òní, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì lè lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí AI, láti ṣe orin. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe orin pa pọ̀ máa lò ó? Bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wo ni kí wọ́n gbé fún un, èwo sì ni kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ẹ̀rọ náà jẹ́.

Bí Àwọn Ẹ̀rọ Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Kì í ṣe òní ni àwọn èèyàn ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin. Ní ọdún 1957, Lejaren Hiller àti Leonard Isaacson, tí wọ́n wà ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, lo kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ ILLIAC láti ṣe orin fún ohun èlò olókùn mẹ́rin. Òfin ni wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn: nóòtì tó lè tẹ̀ lé òmíràn, àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ti òde òní yàtọ̀. Dípò kí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ ní òfin, ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ orin tàbí ìwé ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà yóò wá máa kíyè sí ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé ohun mìíràn. Nígbà tí a bá ní kó ṣe orin, ohun tó jọ èyí tó ti gbọ́ ni yóò gbé kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orin rẹ̀ fi sábà máa ń dà bí èyí tí a ti gbọ́ rí níbì kan. Ẹ̀rọ náà kò sin òkú rí, kò gbàlejò ọmọ tuntun rí, kò sì ní ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí.

A lè pín àwọn ẹ̀rọ yìí sí ọ̀nà mẹ́rin.

Àwọn tó ń bá èèyàn wá ọ̀rọ̀. ChatGPT wà lára wọn. Bí a bá sọ kókó orin fún un, ó lè dábàá ẹsẹ, ó sì lè fi oríṣiríṣi ọ̀nà tún ìlà kan sọ.

Àwọn tó ń bá èèyàn wá ohùn orin. Wọ́n lè dábàá ìparí fún ohùn tí a bẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ohùn mìíràn tì í lẹ́yìn. Irú èyí wà lára ohun tí Google ń ṣe látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Magenta ní ọdún 2016.

Àwọn tó ń ṣe odindi orin. Suno àti Udio ni àwọn èèyàn mọ̀ jù. A ó ṣàpèjúwe orin tí a fẹ́, wọn yóò sì gbé e jáde pẹ̀lú ìlù, dùùrù àti ohùn tó jọ ti èèyàn.

Àwọn tó ń ya ohùn sọ́tọ̀ lára ohun èlò. Ní nǹkan bí ọdún 1977, John Lennon fi dùùrù kọ orin kan sínú kásẹ́ẹ̀tì nílé rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1980. Ẹ̀rọ ló yọ ohùn rẹ̀ kúrò lára dùùrù náà kí àwọn Beatles tó lè gbé orin ọ̀hún, “Now and Then,” jáde ní November 2023. Ẹgbẹ́ akọrin tó ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè jàǹfààní irú ẹ̀rọ yìí gan-an, torí yóò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àwọn akọrin láìsí ariwo ìlù.

Ohun Tí Àwọn Mìíràn Ti Rí Níbẹ̀

Ní March 21, 2019, Google gbé eré kan jáde láti fi rántí ọjọ́ ìbí Johann Sebastian Bach, ará Jámánì tó ṣe ọ̀pọ̀ orin fún ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn yóò kọ ohùn orin kúkúrú kan sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì fi ohùn mẹ́ta yòókù sí i, ìyẹn áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì. Orin ìsìn 306 tí Bach to ohùn wọn ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 55 ni àwọn èèyàn ní kó bá àwọn to ohùn. Kí nìyẹn fi hàn? Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ló ní orin lẹ́nu tí wọn kò mọ bí a ṣe ń to ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀rọ lè ran irú wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, ọ̀nà Bach ni ẹ̀rọ yẹn ń gbé e gbà, torí kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti Netherlands. Ní ọdún 2020, VPRO, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀, ṣètò ìdíje orin tí a fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe. Ẹgbẹ́ 13 ló kópa, àwọn olórin àti àwọn tó mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì jọ ṣiṣẹ́ pa pọ̀ nínú wọn. Ẹgbẹ́ kan láti Ọsirélíà ló gbapò kìíní. Wọ́n fi igbe àwọn ẹranko ilẹ̀ wọn, títí kan ti koala àti ti ẹyẹ kookaburra, kọ́ ẹ̀rọ wọn, láti fi rántí àwọn ẹranko tó bá iná igbó lọ ní ọdún 2019 sí 2020. Ẹ̀rọ ló hun ìró náà pọ̀, àmọ́ èèyàn ló ń ṣọ̀fọ̀.

Àwọn olùṣèwádìí yẹ iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ 13 náà wò. Èèyàn 61 ni gbogbo wọn. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ kò rọrùn darí, kò sì mọ bí apá kan orin ṣe kan apá tó kù. Kí wá ni àwọn ẹgbẹ́ náà ṣe? Wọ́n gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Wọ́n lo ẹ̀rọ kan fún ọ̀rọ̀, òmíràn fún ohùn, òmíràn fún ìlù. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá kalẹ̀, wọ́n jókòó ṣà á, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn so èyí tí wọ́n mú pọ̀. Ẹ̀kọ́ pàtàkì nìyẹn fún àwọn tó ń ṣe orin pa pọ̀: iṣẹ́ àṣàyàn kò kúrò lọ́wọ́ èèyàn.

Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ẹ̀rọ Ti Ń Yọ̀

Fún àwa tí a ń sọ Yorùbá, ìṣòro kan wà tí àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin kò ní. Ohùn tí a fi pe ọ̀rọ̀ wa ló ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé pàápàá mọ̀ pé dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ti àárín, mí sì ni ti òkè. Ká sọ pé a fẹ́ kọ ọ́ lórin pé, “Ọkọ́ ni mo gbé lọ sóko.” Re mí re re mí re mí re ni ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ń wí. Bí ohùn orin kò bá gòkè níbi “ọkọ́,” tó dúró sójú kan, àgbẹ̀ tó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sóko ti di ìyàwó tó gbé ọkọ lọ. Bí ó bá sì wà nísàlẹ̀ látòkèdélẹ̀, ó di ọ̀kọ̀, ohun ìjà.

Àwa náà ti dán an wò. A tẹ irú ìlà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, sínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe odindi orin. Ohùn rẹ̀ dùn, ìlù rẹ̀ gún régé, àmọ́ ẹ̀rín ni àwọn tó gbọ́ ọ fi ṣe. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Orin Yorùbá kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ lára Yorùbá tí àwọn èèyàn sì ń kọ síbẹ̀ kò ní àmì ohùn.

Ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ àwọn orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí wọ́n sì fi wọ́n sínú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló pàdánù ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu akọrin. Àwọn kan sapá láti tún un ṣe. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ṣe orin ìsìn tó bá ohùn Yorùbá mu, wọ́n sì gba díẹ̀ lára wọn sínú àwo ní Lọ́ńdọ́nù láàárín ọdún 1920 sí 1929. Thomas Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti ọdún 1914 sí 1962, ṣèwé ní ọdún 1953 nípa bí orin àti ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe so kọ́ra. Yóò ṣeni láàánú bí ohun tí irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ fi gbogbo ayé wọn tún ṣe bá tún bà jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, kìkì nítorí pé ìkórè ti sún mọ́lé.

Ta Ló Ni Orin Náà?

Ní January 2025, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó ni iṣẹ́ ọnà àti ìwé ní Amẹ́ríkà sọ pé títẹ ìtọ́ni sínú ẹ̀rọ nìkan kò tó láti sọ èèyàn di ẹni tó ni ohun tí ẹ̀rọ gbé jáde. Èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tàbí tó ṣà tó sì tò lọ́nà tó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ hàn, ni òfin lè dáàbò bò. Ní Nàìjíríà, òfin tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní March 2023 béèrè pé kí wọ́n ti sapá láti mú kí iṣẹ́ náà jẹ́ àtinúdá, kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n ti gbà á sínú ẹ̀rọ.

Orin tí wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ní June 2024, àwọn ilé iṣẹ́ orin ńláńlá ní Amẹ́ríkà pe Suno àti Udio lẹ́jọ́ pé wọ́n lo orin àwọn láìgbàṣẹ. Ní ìparí ọdún 2025, díẹ̀ lára àwọn ilé iṣẹ́ náà parí ẹjọ́ wọn, wọ́n sì bá wọn ṣe àdéhùn. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ta orin rẹ̀ kọ́kọ́ ka àdéhùn ẹ̀rọ tó lò, torí àwọn kan kò gbà kí a fi èyí tí a ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ pa owó.

Bí Ẹgbẹ́ Kan Ṣe Lè Lò Ó Dáadáa

Àwọn àbá yìí lè ṣèrànwọ́:

1. Ẹ kọ́kọ́ jọ pinnu ohun tí orin náà fẹ́ sọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan kí ẹnikẹ́ni tó yọ fóònù.

2. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu kí ẹ tó wá ohùn orin fún un. Ẹ fetí sí ibi tó ti ń gòkè àti ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

3. Iṣẹ́ kékeré ni kí ẹ gbé fún ẹ̀rọ. Ẹ lè ní kó dábàá kọ́ọ̀dù, ìlù tàbí ohùn báàsì. Ẹ má ṣe ní kó ṣe gbogbo rẹ̀.

4. Ẹ béèrè ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ sì jọ ṣà á. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kì í sábà sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ sọ èrò tirẹ̀.

5. Ẹ kọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò rí ọ̀rọ̀ náà rí. Bí kò bá lè sọ ohun tó gbọ́, orin náà kò tíì parí.

6. Ẹ pa ìwé tí ẹ kọ àti ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ mọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ sín ohùn olórin kankan jẹ, kí ẹ má sì fi pa mọ́ fún ìjọ pé ẹ lo ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin olùṣọ́ àgùntàn àti olórí akọrin, ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹ ṣọ́. Nígbà tí akọrin mẹ́fà bá ń jiyàn lórí ìlà kan, kì í ṣe àkókò ni wọ́n ń fi ṣòfò. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àgbà mọ̀, ibẹ̀ sì ni àgbà ti ń gbọ́ ohùn tuntun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹ̀rọ bá parí orin náà kí wọ́n tó la ẹnu, orin yóò wà, àmọ́ ẹgbẹ́ kò ní sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn akọrin mẹ́fà wa. Ká ní wọ́n gbọ́ ti ìyá àgbà, wọn yóò mú ìlù tí ẹ̀rọ dábàá, wọn yóò sì fi ẹsẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá náà yóò sọ ìlà kan jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀, tíṣà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ní sólífà, ẹni tó kéré jù yóò sì wá kọ́ọ̀dù tó bá a mu. Ó lè gbà wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dìde kọ ọ́ lọ́jọ́ ìkórè, kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé kí ló ń sọ.