Ẹrù àti Ẹlẹ́rù: Ìtumọ̀ àti Ìlò "Saddle With" Nínú Ìtàn Òfin Aláìní ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ète bébà yìí ni láti yẹ ìtumọ̀ àti ìlò ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan wò, èyíinì ni "saddle with", nípa fífi í wé ìtàn òfin àwọn aláìní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Gàárì ẹṣin ni "saddle" ní ìpìlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, ó ti ní ìtumọ̀ mìíràn: kí a di ẹrù ru ẹni tí kò bèèrè fún un. Ẹni tí a di ẹrù rù ni ó máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Ẹrù fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe gbèsè, iṣẹ́ tàbí ẹ̀bi, ni ó máa ń tẹ̀lé "with". Ẹni tí ó "carry" ẹrù lè jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í yan gàárì.

Òfin 1601 pàṣẹ pé kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan máa gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé àti onílẹ̀ láti fi bọ́ àwọn aláìní rẹ̀. Òfin 1662 fi kún un pé àwọn adájọ́ méjì lè dá àlejò tí owó ilé rẹ̀ kò tó £10 lọ́dún padà, bí a bá fi í sùn láàárín 40 ọjọ́. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kì í ṣe "Kí ni ó ń ṣe ẹni yìí?" bí kò ṣe "Ta ni ó ni ín?" Nítorí pé páríìṣì tí a bá bí ọmọ tí kò ní baba lábẹ́ òfin sí ni ó ni ọmọ náà, àwọn alábòójútó a máa lé aláboyún tí kò lọ́kọ kọjá ààlà kí ìrọbí tó mú un. Òfin 1795 dáwọ́ lílé ẹni tí kò tíì gba ìrànlọ́wọ́ dúró; síbẹ̀ kò dáàbò bo irú aláboyún bẹ́ẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù níbi tí ó gbé wúwo. Òdìkejì èyí ni "saddle with" ń sọ. Páríìṣì pe ara rẹ̀ ní ẹṣin, ó sì pe aláboyún ní ẹrù. Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà gan-an ni ó ru oyún, òṣì àti ìrìn-àjò náà.

Ní ìparí, òfin aláìní wá sí òpin ní 1948, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò kú. Níbikíbi tí a bá ti lò ó, ó yẹ kí a bèèrè ẹni tí ó di ẹrù náà, àti ẹni tí ó rù ú ní tòótọ́.